ÌLẸ̀KÙN ARA: ÌTÀN BÍ A ṢE MỌ IBI TÍ KÒRÓNÀ Ń GBÀ WỌLÉ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ètò wa, mo kọ́kọ́ rò pé ìtàn bí àwọn Yorùbá ṣe dé Kàdúná ni n ó kọ, nítorí òun ni àwa àgbà máa ń sọ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2020. Ìtàn ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ ó rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná sé wa mọ́lé. Badarawa tí kì í tètè sùn, tí màì-ṣáyì ń tajà títí ilẹ̀ fi ń ṣú gan-an, dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Kwaru àti Malali, kò sí ariwo kẹ̀kẹ́ NAPEP. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, gómìnà wa nígbà náà, Nasir El-Rufai, kéde fúnra rẹ̀ pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní àrùn náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ààrẹ Buhari, kú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wá gba ẹnu àwọn ènìyàn àdúgbò kan. Èkíní, pé àrùn àwọn olówó tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ni. Èkejì, pé kòrónà kì í mú ènìyàn dúdú. Ẹ̀kẹta, pé chloroquine tí gbogbo wa ti ń lò fún ibà láti kékeré ni oògùn rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé èmi náà wá káàdì méjì rà, ní iye owó tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi títí di òní olónìí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè dáhùn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: níbo ni àrùn náà ń gbà wọ inú ara?

OHUN TÍ ÀWỌN BABA ŃLÁ WA KÒ MỌ̀

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ ń dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn ìnfúlúẹ́ńsà dé èbúté Èkó. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Kánò ti ń rìn láti ọdún 1912, Kàdúná sì ti di olú-ìlú Àríwá ní ọdún 1917. Ojú irin kan náà tó gbé àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò wa wá sí ìhín ni àrùn náà bá gun òkè wá. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 18 lọ. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá kò mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì ìnfúlúẹ́ńsà mú lára ènìyàn.

Àwọn kan ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀nà mìíràn. Paul Ehrlich ní Jámánì àti John Newport Langley ní Cambridge ti sọ, ní nǹkan bí ọdún 1900 sí 1905, pé oògùn tàbí májèlé kì í ṣàdédé ṣiṣẹ́ nínú ara, àfi bí ó bá rí ohun kan dì mú lára ibi tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ sí. Ohun yẹn ni à ń pè ní risẹ́pítọ̀. Ní ọdún 1941, George Hirst ní New York po fáírọ́ọ̀sì ìnfúlúẹ́ńsà mọ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà so mọ́ra wọn gìdìgìdì. Fáírọ́ọ̀sì náà ló ń di sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì. A wá mọ̀ nígbà tó yá pé irú ṣúgà kan tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì ni ó ń dì mú.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu, àfi níbì kan. Ẹnu tí ògiri là jẹ́ àbùkù ògiri. Risẹ́pítọ̀ kì í ṣe àbùkù. Sẹ́ẹ̀lì jẹ́ yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara wa, ojú òde yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn purotéènì tó yọ síta, tí ara ń lò fún iṣẹ́ tirẹ̀: láti gba oúnjẹ wọlé, láti gba iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara mìíràn rán sí i, tàbí láti gé nǹkan sí wẹ́wẹ́. Ìlẹ̀kùn tí onílé ṣe fún ara rẹ̀ ni. Olè ló wá gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì yóò kọjá lójú rẹ̀ ni, kò ní rí i ṣe.

ADÉ TÍ KÌ Í ṢE TI ỌBA

Adìyẹ ni a ti kọ́kọ́ rí ìdílé kòrónà. Ní ọdún 1931, àwọn onímọ̀ nípa àrùn ẹran ọ̀sìn ní North Dakota, Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àìsàn tó ń mú èémí ṣòro fún àwọn òròmọdìyẹ. (Kì í ṣe lúkúlúkú tí àwa mọ̀ o, fáírọ́ọ̀sì mìíràn ló ń fa ìyẹn.) Ti ènìyàn kò hàn títí di ìgbà tí David Tyrrell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀fìnkìn lásán, tó sì rí ọ̀kan tí kò jọ àwọn tó kù lára omi imú ọmọ ilé-ìwé kan.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn ni June Almeida. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni baba rẹ̀ ní Glasgow. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí àìlówó, ó sì lọ gba iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Ó wá di ẹni tó mọ fáírọ́ọ̀sì yà jáde lábẹ́ máíkírósíkóòpù ju àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ. Tyrrell fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i, Almeida sì yà á: ohun róbótó kan tí nǹkan yí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ etí adé. Wọ́n gbé àwòrán náà jáde ní ọdún 1967, nígbà tó sì di 1968 wọ́n sọ ọ́ ní kòrónà, tí í ṣe adé ní èdè Látìn. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ etí adé yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀fìnkìn lásán ni, nítorí náà owó kò wọlé fún ìwádìí rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tẹra mọ́ ọn ṣá. Kathryn Holmes àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí ìlẹ̀kùn tí kòrónà eku ń gbà ní ọdún 1991, wọ́n sì rí ti ọ̀kan nínú kòrónà ọ̀fìnkìn ènìyàn ní 1992. Ìlẹ̀kùn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyẹn: ọmọ ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni SARS bẹ́ sílẹ̀ ní gúúsù Ṣáínà ní ìparí ọdún 2002. Ó mú ènìyàn tó lé ní 8,000, ó pa 774. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, Wenhui Li, Michael Farzan àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Boston kéde pé àwọn ti rí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n gé orí kọ́kọ́rọ́ fáírọ́ọ̀sì náà nìkan, wọ́n fi í dẹ ìwọ̀ bí apẹja sínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà kan tí fáírọ́ọ̀sì náà fẹ́ràn láti máa gbé, wọ́n sì wo ohun tí ìwọ̀ náà gbé jáde. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní ACE2 ni. Wọ́n tún mú sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì kì í lè wọ̀, wọ́n kó ACE2 sí i lára, fáírọ́ọ̀sì sì wọlé.

Nítorí náà nígbà tí kòrónà tuntun dé ní Wuhan ní ìparí 2019, àwọn onímọ̀ mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n yóò kọ́kọ́ lọ wò. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Shi Zhengli àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ ìdáhùn jáde. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò ni HeLa, èyí tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kú ní Baltimore ní ọdún 1951, láìbi í léèrè kí wọ́n tó gbà á. Sẹ́ẹ̀lì HeLa kò ní ACE2, fáírọ́ọ̀sì kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n fi ACE2 ènìyàn sí i, fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ti àdán, ó wọlé. Ti ẹlẹ́dẹ̀, ó wọlé. Ti eku kéékèèké inú ilé, kò wọlé.

Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe yára tó nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó gba Èkó lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbé àrùn náà wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yàrá àyẹ̀wò tí Christian Happi ń darí ní Yunifásítì Redeemer's ní ìlú Ẹdẹ ti ka àkọsílẹ̀ ìran fáírọ́ọ̀sì náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tòmórì ló jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún yunifásítì náà, òun náà ló sì ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba àpapọ̀ nímọ̀ràn lórí àrùn yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé Ahmadu Bello University, Zaria, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ wa, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko, tó jáde ní 1971.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI PÉ KÌ Í MÚ ÈNÌYÀN DÚDÚ?

Ti àwọn olówó kò gba àkókò: àwọn ló ń lọ sí ibi tí àrùn wà, àwọn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kejì ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àrùn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ fún.

Irú ibà kan wà tí kòkòrò rẹ̀ ń jẹ́ vivax. Ó wọ́pọ̀ ní Íńdíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fọn wa kò kéré. Ní ọdún 1975 àti 1976, Louis Miller àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn ohun tó fà á. Láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, vivax gbọ́dọ̀ di purotéènì kan mú tí ń jẹ́ Duffy. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní Duffy lójú ẹ̀jẹ̀ pupa wa rárá. Ìran wa ti yọ ìlẹ̀kùn náà kúrò láti àìmọye ọdún. (Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí wọ́n ti ń rí vivax díẹ̀díẹ̀ lára àwọn tí kò ní Duffy, ní Madagascar àti Ethiopia fún àpẹẹrẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe fáàrí.)

Èkejì sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1969, àìsàn kan mú nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Laura Wine, ní abúlé Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú síbẹ̀. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kú. Lily Pinneo tó tọ́jú Shaw ṣàìsàn títí wọ́n fi gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Bí a ṣe mọ ibà Lassa nìyẹn. Ọdún 1998 ni àwọn onímọ̀ rí ìlẹ̀kùn rẹ̀, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní alpha-dystroglycan, tó ń di sẹ́ẹ̀lì mú sáyè rẹ̀. Ṣúgà tó wà lára purotéènì yìí ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ń dì mú, ohun àjogúnbá kan tí ń jẹ́ LARGE ló sì ń to ṣúgà náà sí i.

Ní bí ọdún 2002, nígbà tí wọ́n ń ṣe àkójọ ìran ènìyàn káàkiri àgbáyé, àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n yàn: 90 ènìyàn ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Nígbà tí Pardis Sabeti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkójọ náà wò ní ọdún 2007, wọ́n rí i pé LARGE tiwa ní àmì pé irú rẹ̀ kan ti gbilẹ̀ kíákíá láàárín wa, bí ìgbà tí ohun kan ti ń pa àwọn tí kò ní in, tí àwọn tó ní in sì ń bímọ sí i. Wọ́n fura sí Lassa. Ìfura ni o. Nígbà tó di ọdún 2024, ìwádìí lára àwọn aláìsàn Lassa ní Nàìjíríà àti Sierra Leone rí i pé irú LARGE yìí bá dídín ewu àìsàn náà kù rìn níhìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò rí i bẹ́ẹ̀ ní Sierra Leone. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí.

Nítorí náà, ẹni tó sọ ní Badarawa pé àrùn kan lè má rí ọ̀nà wọ ara ìran kan kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tó ṣì sọ ni pé ó fi ti ibà kan sọ ti kòrónà. Kò sí ìran kankan lágbàáyé tí ACE2 kò sí lára wọn. Ní ìlú London àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kú ju bó ṣe yẹ iye wọn lọ. Iṣẹ́ tí wọn kò lè jókòó sílé ṣe ló gbé wọn pàdé rẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, iye ikú tí ìjọba kà ní gbogbo Nàìjíríà lé ní 3,100. Àwọn kan ní a kò ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìdajì wa kò tíì pé ogún ọdún, ìwádìí kan ní New York ní 2020 sì fi hàn pé ACE2 inú imú ọmọdé kéré ju ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń LO OÒGÙN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU

Kí ni ACE2 ń ṣe kí kòrónà tó dé? Ó ń gé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀. Ó wà nínú imú, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, kíndìnrín àti ìfun. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi ń yọ lára oríṣiríṣi ọ̀nà, tí ikọ́ fi ń ṣe ẹnìkan tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe ẹlòmíràn. Àwọn tí kò gbóòórùn mọ́ rò pé iṣan òórùn wọn ti kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àtìlẹ́yìn fún iṣan náà ló ní ACE2, iṣan fúnra rẹ̀ kò ní in, ìyẹn ló jẹ́ kí òórùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dà rú nìyí. Lisinopril àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àgbà nínú gbọ̀ngàn yìí ń lò, ń ṣiṣẹ́ lórí ACE, ẹ̀gbọ́n ACE2. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn kan rò pé oògùn wọ̀nyí lè mú kí ìlẹ̀kùn pọ̀ sí i lára, ìròyìn náà sì tàn dé orí fóònù wa. Mo mọ ìyá kan ní òpópónà wa tó jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ fún oṣù méjì nítorí rẹ̀. Apá òsì rẹ̀ kò gbé mọ́ títí di òní. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti tètè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró, ìwádìí kan láti Brazil tí wọ́n gbé jáde ní 2021 sì fi hàn pé kò sí èrè kankan fún àwọn aláìsàn kòrónà tó dá a dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dé òpópónà wa bí ti àkọ́kọ́ ṣe dé.

KÁÀDÌ MÉJÌ

Ó ku chloroquine. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Wuhan rí i pé ó dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, Ààrẹ Trump gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Èkó ń kéde pé àwọn kan ti wà ní ilé ìwòsàn tí chloroquine ti di májèlé fún.

Kí ló fà á tí ó fi ṣiṣẹ́ nínú abọ́ àyẹ̀wò tí kò ṣiṣẹ́ lára ènìyàn? Ìlẹ̀kùn nìkan kò tó. Lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì bá di ACE2 mú, ohun kan gbọ́dọ̀ gé etí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ó tó lè ṣí i. Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, ọ̀bẹ kan wà lójú òde sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ tí ń jẹ́ TMPRSS2, ìyẹn ló ń gé e, ó sì ń wọlé láti ojú òde. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ kò ní ọ̀bẹ yìí. Ńṣe ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì mì sínú àpò kan, àpò náà a kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀bẹ mìíràn inú rẹ̀ a sì gé e. Chloroquine ń mú kíkan yẹn kúrò ni. Ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣọ́, ẹnu ọ̀nà iwájú ni olè ń gbà. Markus Hoffmann àti Stefan Pöhlmann ní Göttingen, Jámánì, tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ náà jáde ní oṣù kẹta ọdún 2020. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ti fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn dán chloroquine wò, kò sì dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rárá. Ní oṣù kẹfà ni ìwádìí ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde pé ẹ̀yà rẹ̀, hydroxychloroquine, kò gba ẹ̀mí aláìsàn kankan là ju ti ẹni tí kò lò ó lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé Abuja ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́ ara láti máa bo orí kọ́kọ́rọ́ náà mọ́lẹ̀ kí ó tó kan ìlẹ̀kùn. Fáírọ́ọ̀sì sì ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Omicron tí wọ́n rí ní Botswana àti South Africa ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 kò gbára lé ọ̀bẹ ojú òde tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ń fẹ́ láti gba inú àpò ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí àwọn káàdì mi, mo lọ wá wọn nínú àpótí. Mẹ́rin péré ni mo ti lò nínú wọn, ara sì yún mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó kù ti kọjá ọjọ́ tí ó yẹ kí a lò wọ́n, mo sì dà wọ́n nù.